Urge, incite, goad, provoke: èwo ló yẹ gbólóhùn yín?

Ìbéèrè: Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa. Nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá, mo kọ ọ́ pé "The chairman incited members to pay their dues before December." Agbẹjọ́rò kan tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ní kí n tètè yọ incite kúrò níbẹ̀, ó ní ẹ̀sùn ni mo fi kan alága yẹn. Ìwé atúmọ̀ èdè tó wà lọ́wọ́ mi to incite, urge, provoke, goad, spur, egg on àti instigate pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tí mo lè lò, àti ibi tí mo ti lè lò ó?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni agbẹjọ́rò yẹn sọ fún yín. Ẹ fi urged rọ́pò incited, gbólóhùn náà á sì tọ́: "The chairman urged members to pay their dues before December." Alága rọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni. Bí ẹnikẹ́ni bá kà á lónìí pé ẹnì kan "incited" àwọn èèyàn, ohun tí yóò máa retí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn ni ìjà, ìwà ipá, ọ̀tẹ̀ tàbí ìkórìíra. Láyé àtijọ́, àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa lò ó fún ohun rere náà, ìdí sì nìyẹn tí àwọn ìwé atúmọ̀ èdè kan fi tò ó pọ̀ mọ́ urge láìṣe ìkìlọ̀ kankan. Ìlò yẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀.

Lóòótọ́ ni àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ kà sílẹ̀ bára tan, torí nínú gbogbo wọn, ẹnì kan tàbí nǹkan kan ló ń mú kí ẹlòmíì ṣe ohun kan. Ohun tó pín wọn níyà nìwọ̀nyí: ṣé ibi rere ni wọ́n ń ti ẹni náà sí ni, àbí ibi burúkú? Ṣé ìmọ̀ràn ni wọ́n fi tì í ni, àbí ẹ̀tàn, àbí wọ́n mú un bínú? Lẹ́yìn náà, kí ni àbọ̀ ọ̀rọ̀ ìṣe náà, ṣé èèyàn ni àbí ọ̀ràn? Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í bi ara wọn, òun ló sì ń bà wọ́n ní gbólóhùn jẹ́ jù.

Ẹ jẹ́ ká parí ti urge ná, torí òun lẹ máa lò jù lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé. Èèyàn ló ń tẹ̀ lé e, kí to àti ọ̀rọ̀ ìṣe tó wọlé: urged members to pay, urged us to wait. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí náà pé "urged that every member pay", láìfi s kún pay. Ẹ má kọ "urged for payment", ẹ má sì kọ "urged on members to pay". Urge on wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe: ẹni tó ti ń sáré lọ lórí pápá ni àwọn òǹwòran ń urge on, ìyẹn ni pé wọ́n ń ṣe kóríyá fún un kó má bàa dẹwọ́. Bí urge bá wá di ọ̀rọ̀ orúkọ, ó yà lọ síbòmíì pátápátá. "An urge" ni ìfẹ́ ọkàn tó ń ti inú èèyàn wá, tó le débi pé ó ṣòro fún un láti kó ara rẹ̀ níjàánu, bí ìgbà tí sìgá bá ń wu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáwọ́ nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ "Thank you for your urge" kò tíì dúpẹ́ ìyànjú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Encouragement ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Encourage fúyẹ́ ju urge lọ, torí ẹni tó ń encourage kò fi dandan lé e. Appeal to ni pípàrọwà, to méjì ló sì ń gbà: "appealed to members to pay". Exhort wúwo ju gbogbo wọn lọ. Ọ̀rọ̀ ìyànjú tí àlùfáà tàbí àgbàlagbà fara balẹ̀ sọ fún ọ̀pọ̀ èèyàn ni, kì í ṣe gbólóhùn kan ṣoṣo tí alága sọ kó tó jókòó. Tí ẹ bá ń kà á sókè, ẹ má pe h inú rẹ̀.

Ìdílé tó yẹ ká dúró lé lórí dáadáa ni ti àwọn ọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé inú ohun ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni wọ́n ti wá. Kí goad tó di ọ̀rọ̀ ìṣe, ọ̀pá gígùn kan ni, tí ẹnu rẹ̀ mú, tí àwọn àgbẹ̀ fi ń gún akọ màlúù láti ẹ̀yìn kó lè máa fa ohun ìtúlẹ̀ lọ. Spur ni irin tí agẹṣin ń dè mọ́ gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀, tó fi ń gún ẹṣin lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè sáré. Yorùbá ní kẹ́sẹ́ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀, a sì ń sọ títí dòní pé ọ̀rọ̀ kan gún èèyàn ní kẹ́sẹ́. Stimulus, tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn àti àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé kì í fi sílẹ̀ lẹ́nu, orúkọ tí àwọn ará Róòmù ń pe ọ̀pá màlúù yẹn gan-an ni. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 26:14, níbi tí ohùn láti ọ̀run ti bá Sọ́ọ̀lù sọ̀rọ̀ lọ́nà Damásíkù, Bíbélì King James ti ọdún 1611 kọ ọ́ pé "kick against the pricks". Ọ̀pọ̀ ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó dé lẹ́yìn rẹ̀ lo goads. Bíbélì Yorùbá tí a mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ní "láti tàpá sí ẹ̀gún". Ọ̀pá àgbẹ̀ ló wà nídìí gbogbo rẹ̀: akọ màlúù tó bá tàpá sí ọ̀pá tí wọ́n fi ń dà á, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló ń dá ọgbẹ́ sí.

Bí goad àti spur ṣe jọ jáde láti ibì kan náà tó, ọ̀nà wọn ti yà. Goad ti gba ojú burúkú. Ẹni tí wọ́n goad, wọ́n sọ̀kò ọ̀rọ̀ lù ú, wọ́n fi ṣe ẹlẹ́yà, wọn ò sì dákẹ́ títí sùúrù rẹ̀ fi tán tó ṣe ohun tí kì bá tí ṣe: "They goaded him into fighting." Spur ní tirẹ̀ ń ti èèyàn síwájú ni. "Her father's illness spurred her to study nursing." "The defeat spurred them on." Ẹ wo olùwà inú gbólóhùn méjèèjì yẹn: àìsàn ni àkọ́kọ́, ìjákulẹ̀ ni èkejì. Ìṣẹ̀lẹ̀ ló sábà máa ń spur èèyàn, nígbà tó jẹ́ pé ènìyàn bíi tirẹ̀ ló sábà máa ń goad ẹ. Àkànlò "on the spur of the moment" wà lọ́tọ̀. Ohun tí a ṣe lójijì láìrò ó tẹ́lẹ̀ ló ń sọ, kò sì ní ohun tó kàn án pẹ̀lú ìyànjú.

Prod, tó túmọ̀ sí kí a fi ìka tàbí igi gún nǹkan, kò ní ẹ̀gàn tó goad ní, àmọ́ ó ní ọ̀fìn tirẹ̀. Ẹni tí a prod ni ẹni tó ń fà sẹ́yìn, tó lọ́ra, tí a ní láti máa tì léraléra kó tó ṣe ohun tó mọ̀ pé ojúṣe òun ni. Òbí lè prod ọmọ, ọ̀gá ilé iṣẹ́ lè prod òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ pé "We prodded Kabiyesi to attend", ẹ ti sọ pé kábíyèsí lọ́ra, àti pé ẹ̀yin lẹ ń fi ọwọ́ gún ọba. Kò bójú mu rárá. "We appealed to Kabiyesi to attend" ló yẹ. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi gbà ni, "We prevailed upon Kabiyesi to attend" ló gbé e. Poke jọ prod, àfi pé kò fi bẹ́ẹ̀ yẹ fún ìwé ẹgbẹ́. Needle náà rèé, abẹ́rẹ́ ni: kí a máa fi ọ̀rọ̀ kéékèèké gún ẹnì kan lára, lórí ìsanra rẹ̀ tàbí lórí pé kò tíì ṣègbéyàwó. "They needled him about his weight." Ìbínú ni wọ́n ń wá níbẹ̀, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ kó ṣe ohunkóhun.

Egg on kò bá ẹyin adìyẹ tan rárá. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Scandinavia mú wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́ ni, ó sì bá edge tan, ìyẹn ojú ọ̀bẹ. Ìwà òmùgọ̀ tàbí ìwà ewu ni wọ́n sábà máa ń egg èèyàn on sí, àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ a sì máa dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Tí Yorùbá bá ní wọ́n gbé ẹnì kan gẹṣin aáyán, a ti sún mọ́ ọn dáadáa. "His friends egged him on to climb the pole." Níbi tí ẹ ti máa ṣọ́ra ni ipò ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ: àárín egg àti on ni him gbọ́dọ̀ wà. Ẹni tó bá kọ "egg on him" ti sọ pé ẹyin dà sí onítọ̀hún lára.

Mo ti mẹ́nu kan into lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ó lè yí ẹ̀rí padà. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé "He urged her to sign", a kò mọ̀ bóyá obìnrin náà fọwọ́ sí i. Ó lè ti kọ̀ jálẹ̀. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé "He goaded her into signing", ó ti fọwọ́ sí i nìyẹn, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí. Bẹ́ẹ̀ náà ni provoked into, prodded into, coaxed into: níbikíbi tí into àti -ing bá ti tẹ̀ lé àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe yìí, ohun náà ti ṣẹlẹ̀. To kì í ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn urge, encourage, exhort àti incite. Ẹni tó incite àwọn èèyàn to riot lè rí i pé kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, síbẹ̀ ó ti incite wọn. Kí akọ̀wé tó yàn láàárín méjèèjì, kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ bóyá nǹkan náà wáyé.

Provoke ló ń kó ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà sí ìṣòro jù, pidgin ló sì fà á. Nínú pidgin, "I don provoke" túmọ̀ sí pé inú ti bí mi. Nínú Gẹ̀ẹ́sì tí à ń kọ sílẹ̀, gbólóhùn "I provoked" kò tíì parí, ẹni tó ń kà á á máa wá ẹni tí ẹ tọ́. Ẹni tí inú bí gbọ́dọ̀ sọ pé "I was provoked", ìyẹn ni pé wọ́n tọ́ mi níjà, tàbí kó kúkú sọ pé "I got angry." Ẹ fojú inú wo àkọsílẹ̀ tó sọ pé "The treasurer provoked at the meeting." Akọ̀wé fẹ́ sọ pé inú bí akápò. Ẹni tí kò gbọ́ pidgin á kà á pé akápò ló lọ tọ́ àwọn ẹlòmíì, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ á wá di ẹlẹ́ṣẹ̀.

Inú èdè Látìn ni provoke ti wá, ohun tó sì túmọ̀ sí níbẹ̀ ni kí a pe ẹnì kan jáde, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń pe èèyàn níjà. Lónìí ó ní ojú méjì. Bí àbọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ èèyàn tàbí ẹranko, títọ́ ni, kò sì dáa: "He provoked the dog." Bí àbọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ ohun tí ìṣe kan fà, kò pọn dandan kó burú: provoke laughter, provoke a debate, provoke protests. Ìyìn ni "a thought-provoking lecture", ó túmọ̀ sí pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà mú wa ronú jinlẹ̀. Ṣùgbọ́n "a provocative lecture" ń sọ pé olùbánisọ̀rọ̀ náà mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ múnú bí àwọn kan, bẹ́ẹ̀ ni "provocative dress" sì jẹ́ aṣọ tó ń ru ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ sókè. Tí ẹ bá ń kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ sí olùkọ́ àgbà kan, thought-provoking ni kí ẹ lò. Ẹ kíyè sí i náà pé k inú provoke ń di c nínú provocation.

Nílé ẹjọ́, provocation kọjá kí inú kàn bí èèyàn. Abala 283 nínú Criminal Code, ìyẹn ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ti Nàìjíríà, pè é ní ìwà àìtọ́ tàbí ìwọ̀sí tó lè mú kí ẹ̀dá kan lásán má lè kó ara rẹ̀ níjàánu mọ́, débi tó fi máa kọlu ẹni tó ṣe é. Abala 318 wá sọ pé bí ẹnì kan bá pànìyàn nínú ìbínú irú títọ́ òjijì bẹ́ẹ̀, kí àyè tó wà fún ìbínú náà láti rọlẹ̀, manslaughter ni ẹ̀sùn rẹ̀, ìyẹn ìpànìyàn tí ìjìyà rẹ̀ fúyẹ́ jù, kì í ṣe murder. Òjijì yẹn ṣe pàtàkì. Ẹni tó ti lọ sílé, tí ara rẹ̀ ti balẹ̀, tó wá padà lọ gbẹ̀san, ti kọjá ibi tí abala yẹn lè ràn án lọ́wọ́. Ní England àti Wales ní tiwọn, láti ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2010, òfin ọdún 2009 kan ti fi loss of control, ìyẹn àìlèkóra-ẹni-níjàánu, rọ́pò provocation nínú ẹjọ́ ìpànìyàn. Àwọn ará wa tó ń ṣe ògbufọ̀ nílé ẹjọ́ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá lọ láti Nàìjíríà kò ṣiṣẹ́ mọ́.

Èyí ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tí agbẹjọ́rò yín ń bẹ̀rù. Incite gba èèyàn ní àbọ̀, ó sì gba ìwà burúkú náà: incite a crowd to violence, incite hatred. Instigate yàtọ̀. Ọ̀ràn náà gan-an ló dáa kó tẹ̀ lé e: instigate a strike, instigate a coup, kódà instigate reforms, torí kò fi gbogbo ara jẹ́ ọ̀rọ̀ ibi. Ohun tó ń sọ ni ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹni tó wà nídìí ọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pariwo, tí kò sì jáde síta. Nílẹ̀ wa, a sábà máa ń gbọ́ "His wife instigated him against me." Gbogbo ọmọ Nàìjíríà ló máa yé, àmọ́ "His wife turned him against me" ló dọ́gba nínú Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo ayé ń kà. Foment kì í gba èèyàn rárá. Ìjàngbọ̀n ló ń gbà: foment trouble, foment unrest. Inú ọ̀rọ̀ Látìn fún ohun gbígbóná tí wọ́n fi ń jó ara ríro ló ti wá. Ó bá súnná sí ọ̀rọ̀ ti Yorùbá mu dáadáa, torí ẹni tó ń foment ń mú ọ̀ràn gbóná díẹ̀díẹ̀ ni. Abet ni kí a ran ọ̀daràn lọ́wọ́ tàbí kí a kì í láyà. Aid ló sábà máa ń bá rìn: aid and abet.

Ọ̀rọ̀ tí òfin lò lè má jẹ́ èyí tí ẹ retí. Abala 7 nínú Criminal Code, tó ka àwọn tó lọ́wọ́ nínú ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀, pe ẹni tó ti ẹlòmíì sínú ẹ̀ṣẹ̀ ní ẹni tó "counsels or procures", ìyẹn ni pé ó gbà á nímọ̀ràn tàbí ó mú kó ṣe é. Ní England, òfin ọdún 2007 kan ti pa ẹ̀ṣẹ̀ incitement tó wà nínú òfin àjogúnbá wọn rẹ́ láti oṣù kẹwàá ọdún 2008, ó sì fi encouraging or assisting rọ́pò rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé incite ṣì wà nínú àwọn òfin mìíràn. Tó bá di ti ìkórìíra ẹ̀yà, stirring up ni òfin wọn ti ọdún 1986 lò.

Àwọn tó kù rọrùn. Nudge ni kí a fi ìgbọ̀nwọ́ gbún ẹni tó jókòó tì wá, láìpariwo. Láti ìgbà tí Richard Thaler, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, àti Cass Sunstein, onímọ̀ òfin, ti gbé ìwé wọn tó ń jẹ́ Nudge jáde lọ́dún 2008, ó ti di ọ̀rọ̀ ìjọba kárí ayé: kí a tò nǹkan lọ́nà tí èèyàn yóò fi rọra yan èyí tó dáa, láìfi òfin mú un. Ní Britain, láti ọdún 2012 ni wọ́n ti ń fi òṣìṣẹ́ sínú ètò owó ìfẹ̀yìntì láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ béèrè, àfi tó bá ní òun kò ṣe. Ìyẹn ni nudge. Prompt wúlò tí a bá fẹ́ fi ọ̀wọ̀ béèrè ìdí: "What prompted you to resign?" Coax ni rírọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí a ṣe ń rọ ọmọ kó lo oògùn, sílébù kan ni, ó bá folks dọ́gba létí. Ẹ má ṣe fi nag àti badger sínú àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́. Ìyọlẹ́nu ni wọ́n pe ohun tí ẹni náà ń sọ, bó ti wù kó jẹ́ òótọ́ tó.

Ohun kan ṣì wà fún ẹ̀yin tó ń kọ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí sílẹ̀ láti Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹnì kan bá sọ pé "Ó ní kí n lù ú", told ni kí ẹ kọ: "He told me to hit him." Bó bá sọ pé "Wọ́n tì mí ṣe é", ẹ bi í léèrè ohun tí wọ́n sọ àti ohun tí wọ́n ṣe, kí ẹ sì kọ ìyẹn sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Incite, instigate àti abet jẹ́ ìdájọ́, adájọ́ ló sì ni wọ́n.